Ẹ́ńjìnnì Alhaji kò ṣàìsàn: àkọsílẹ̀ pròpẹ́là kan lórí omi Asejire

Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, Alhaji pè mí. Kò jẹ́ kí n kí i tán tó fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹnjiníà, wọ́n ní kí n tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi palẹ̀ o. Wọ́n ní ríńgì ti jẹ, àfi kí wọ́n gbẹ́ sílíńdà. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu tìẹ."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì kankan títí n ó fi dé."

Ọdún 11 ni mo fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Ẹ̀pẹ́ kí n tó padà wá sí Ìbàdàn. Jẹnẹrétọ̀ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi ní Alákìá báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì orí omi ṣì wà lọ́kàn mi. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì tó dá ṣáká tí wọ́n tú sílẹ̀ bí ẹran iléyá, tí wọ́n sì dà pọ̀ padà pẹ̀lú gáásìkẹ́ẹ̀tì tí kò bára mu. Ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó máa ń dùn mí ni, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí àrùn wà kọ́ ni wọ́n ń tú.

Fíbà ni ọkọ̀ Alhaji, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 16, kò ní òrùlé. Yamaha 40 tó ń mu epo tí a po ọ́ìlì mọ́ ló wà nídìí rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi mọ̀ bí ẹní mowó. Ó rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan l'Ékòó tó máa ń gbé e lọ pẹja lórí ọ̀sà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo. "Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo" yìí ni gbogbo ẹjọ́ náà. Alhaji sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, etí mi gbọ́ ọ, ọkàn mi kò gbà á.

Alhaji ti fẹ̀yìntì. Tí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, òun àtàwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ á gba Ìwó Road, Adégbayì àti Ẹ́gbẹ̀dá lọ sí Asejire, tó tó nǹkan bí 30 kìlómítà sí Ìbàdàn lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Omi yẹn kì í ṣe ọ̀sà. Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n sé níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960 kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ lò. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tó bá ń da ọ́ìlì tí kò jó tán sínú omi Asejire, inú omi tí a ó pọn sínú ìkòkò wa ló ń dà á sí. Èyí nìkan tó láti mú kí n fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án rèé: tí wọ́n bá fún un níná, imú ọkọ̀ á gbé sókè, kò sì ní tètè wálẹ̀. Á máa wọ́ omi lẹ́yìn bí ẹni tó ń fa igi gẹdú. Ẹ́ńjìnnì á máa kérora, èéfín á pọ̀, plọ́ọ̀gì á sì dúdú kirimú, á rin fún ọ́ìlì lẹ́yìn ìjáde bíi méjì. Wọ́n ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ti fọ kábúrétọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ irú ọ́ìlì tí wọ́n ń lò. Kò yí padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo lọ. Èmi àti Alhaji nìkan la wọ ọkọ̀; apẹja tó ń bá a tọ́jú ọkọ̀ dúró sí etídò. Mo kọ́kọ́ wọn ìfúnpọ̀ sílíńdà, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó: gbogbo wọn bára mu, kò sí èyí tó jábọ́. Ẹni tó ní ríńgì ti jẹ kò wọn nǹkan kan rárá. Mo wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá ewédò ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó mọ́. Mo yọ pròpẹ́là, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀ síwájú, mo bá okùn àwọ̀n tín-ín-rín kan tó wé mọ́ ṣáfúù lẹ́yìn rẹ̀, mo gé e kúrò kó tó ba síìlì jẹ́. Mo wo gíga ẹ́ńjìnnì lára ọkọ̀: irin pẹlẹbẹ tó wà lókè pròpẹ́là bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba bó ṣe yẹ, torí náà kì í ṣe pé pròpẹ́là ń fa afẹ́fẹ́ mu. Mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti àárín pròpẹ́là bọ́ sí ara òde rẹ̀. Rọ́bà ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Tí rọ́bà náà bá ti ń yọ̀, ìlà funfun á já sí méjì lẹ́yìn eré. Nọ́ḿbà tí wọ́n gbẹ́ sí i lára ni 11¼ × 14. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì kọjá lọ.

Ọkọ̀ yìí kò ní aago tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì. Mo ní kékeré kan tí wọ́n ń fi wáyà wé mọ́ okùn plọ́ọ̀gì. Nígbà tí a fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo iná, aago ní ìyípo 2,350 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì tó ń ké báyẹn kò lè wà ní 2,350. Mo wo ètò inú aago: wọ́n ti tò ó pé plọ́ọ̀gì ń ta iná lẹ́ẹ̀mejì ní ìyípo kan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni irú ẹ́ńjìnnì yìí ń ta á. Mo tún un tò, ó sì fún mi ní 4,700. Ẹni bá fẹ́ lo irú aago yìí, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí èèyàn lè ra pròpẹ́là tí kò tọ́ nítorí nọ́ḿbà tó pín sí méjì.

Ìwé ẹ́ńjìnnì yìí ní kí ó máa yí láàárín 4,500 sí 5,500 ní ìṣẹ́jú kan tí a bá fún un ní gbogbo iná. 4,700 wà nínú rẹ̀. Mo fi fóònù ka eré, ní àlọ àti àbọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà tàn mí, ó sì jẹ́ 43 kìlómítà ní wákàtí kan. Ọkọ̀ gun orí omi wẹ́rẹ́, imú rẹ̀ wálẹ̀. Ìlà funfun kò já. Mo ní, "Alhaji, ara ẹ̀ le koko." Mo ní okùn àwọ̀n yẹn àti epo tó ti pẹ́ nínú táńkì ló fa wàhálà. Alhaji ṣàdúrà fún mi, mo gba owó iṣẹ́ mi, mo lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ kejì, alẹ́ ọjọ́ Àìkú, fóònù tún dún. "Ọmọ mi, o ní ara ẹ̀ yá. Àwọn ọmọ wá lánàá, bó ṣe máa ń ṣe náà ló tún ṣe."

Ojú tì mí gan-an. Mo ní, "Ẹ má bínú sà. Ẹ̀yin mélòó lẹ wọlé?"

"A ò ju mẹ́fà lọ."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin Èkó àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ta sí mi lọ́kàn. Ọkọ̀ èèyàn méjì ni mo dán wò. Ọkọ̀ èèyàn mẹ́fà ni wọ́n pè mí sí.

Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo bẹ̀ wọ́n pé kí gbogbo ilé wá. Mo ní kí ọkọ ọmọ Alhaji dúró sí etídò kí n bọ́ sí ipò rẹ̀, kí iye wa má baà lé. Gbogbo wa wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, táńkì kún, kúlà oúnjẹ àti omi wọlé bí wọ́n ṣe máa ń gbé e. Mo fún un ní gbogbo iná, mo sì ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Ó tó 22 kí imú ọkọ̀ tó wálẹ̀. Aago dúró sí 4,200, kò gòkè mọ́. Eré jẹ́ 30 kìlómítà ní wákàtí kan. Èéfín dúdú sì ń tẹ̀ lé wa. Ọmọ-ọmọ Alhaji kan, ọmọ bí ọdún mẹ́jọ, fi aṣọ bo imú rẹ̀. Mo pa iná ẹ́ńjìnnì láàárín omi, mo sọ fún Alhaji pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní àrùn kankan. Ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí ni kò jẹ́ kó mí.

Bí mo ṣe ṣàlàyé fún un rèé. Nínú 11¼ × 14, nọ́ḿbà àkọ́kọ́ ni ìbú òbírí tí pròpẹ́là ń yí, ní íńṣì. Ìkejì, tí a ń pè ní pítíṣì, ni iye íńṣì tí pròpẹ́là ì bá rìn síwájú ní ìyípo kan, ká ní inú nǹkan líle ló ti ń yí bíi ṣúkúrúù nínú igi. Pítíṣì ni gíà ọkọ̀ ojú omi. Mo bi Alhaji pé, "Tí Micra bá kó èrò, tí ẹrù kún búùtù, ṣé gíà kẹrin ni dírẹ́bà máa fi gun Òkè Ààrẹ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní dírẹ́bà tó bá dán an wò, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n títí á fi kú. Gíà kẹrin yẹn ni pítíṣì 14 jẹ́ fún ọkọ̀ rẹ̀. Fún èèyàn méjì lórí ọ̀sà, ojú ọ̀nà tẹ́jú, gíà kẹrin tọ́. Fún èèyàn mẹ́fà, òkè ni, àfi kí a sọ gíà kalẹ̀.

Ìṣírò rẹ̀ kò le. Ẹ́ńjìnnì yìí ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí pròpẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà 4,200 jẹ́ 2,100 níbi pròpẹ́là. Ẹ fi íńṣì 14 ṣe ìlọ́po rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di kìlómítà ní wákàtí kan, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 45. Eré tí a rí jẹ́ 30. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìrìn pròpẹ́là ń yọ̀ dànù sínú omi! Nígbà tí a jẹ́ méjì, ìṣírò kan náà fún mi ní 50, a sì rí 43. Ohun tó yọ̀ dànù kò ju ìdá kan nínú méje lọ. Omi kì í ṣe igi, kò sí pròpẹ́là tí kò ní yọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta ti pọ̀ jù, ó sì ń fi hàn pé ọkọ̀ ń túlẹ̀ omi ni, kò gun orí rẹ̀ dáadáa.

Ewu tó wà níbẹ̀ ju eré lọ. Ẹ́ńjìnnì tí a fún ní gbogbo iná, tí kò lè dé ìyípo tí wọ́n ṣe é fún, á máa gba epo tó pọ̀ ju èyí tó lè jó lọ. Èédú á dì sórí písítínì àti sí ẹ̀gbẹ́ ríńgì, plọ́ọ̀gì á rin, ooru á pọ̀. Bó bá pẹ́, ríńgì á lẹ̀ ní tòótọ́, ẹni tó ní kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì á wá jàre. Ní òdìkejì, tí pítíṣì bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á sáré kọjá 5,500, ìyẹn náà á pa á.

Òfin ọwọ́ tí àwa mẹkáníìkì ń lò ni pé tí a bá dín pítíṣì kù ní íńṣì kan, ìyípo ẹ́ńjìnnì á gòkè ní nǹkan bí 150 sí 200. Mo fẹ́ kí ẹrù kíkún fún mi ní nǹkan bí 4,800, kí ó wọnú ibi tí ìwé sọ dáadáa, kì í ṣe etí rẹ̀. Ó ku 600. Íńṣì mẹ́ta nìyẹn: láti 14 sí 11. Kódà bó bá jẹ́ 150 ni, a ó ṣì dé 4,650. Mo wá yẹ̀ ẹ́ wò láti apá kejì: tí Alhaji bá jáde pẹ̀lú ẹnì kan, 4,700 á di nǹkan bí 5,300. Kò kọjá àlà. Ká ní mo mú 10, èèyàn méjì á ti fi orí kan 5,500. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lórí 11, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 10 ì bá fa ẹrù náà dáadáa jù.

Ọkọ ọmọ Alhaji ti wo oríṣiríṣi lórí fóònù rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí a ò ra oní-sítéènìlẹ́ẹ̀sì, alápá mẹ́rin?" Ìbéèrè tó dára ni. Alápá mẹ́rin máa ń di omi mú ju alápá mẹ́ta lọ, ó sì máa ń gbé ìdí ọkọ̀ tó wúwo sókè. Àmọ́ apá kan tó lé yẹn náà ń fa omi, ó ń dín ìyípo kù díẹ̀, ìyípo ni a sì ń wá. Ní ti sítéènìlẹ́ẹ̀sì, kì í tètè tẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́ ju alumíníọ́ọ̀mù lọ, ọkọ̀ á sáré sí i. Ṣùgbọ́n Asejire ni a wà, omi tí wọ́n sé bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Kùkùté wà nísàlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà. Tí alumíníọ́ọ̀mù bá kọ lu kùkùté, apá rẹ̀ ló máa tẹ̀ tàbí kó kán. Tí sítéènìlẹ́ẹ̀sì bá kọ lù ú, ìkọlù náà lè wọlé lọ bá gíà. Mo yàn kí pròpẹ́là kú dípò gíà. Ó gbà.

Mo kọ́kọ́ dé Àràrọ̀mí ní Agodi Gate, nítorí kò sí ẹ̀yà ara mọ́tò tí wọn kì í tà níbẹ̀. Pròpẹ́là kò sí. A ránṣẹ́ sí Èkó. Mo ya àwòrán ti àtijọ́, mo ka eyín tó wà nínú ihò àárín rẹ̀, 13, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pròpẹ́là tí eyín rẹ̀ kò bá ti ṣáfúù mu kò lè wọlé bó ti wù kí nọ́ḿbà rẹ̀ dára tó. Ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ fi èyí tí pítíṣì rẹ̀ jẹ́ 13 ránṣẹ́. Ó ní kò sí ìyàtọ̀, pé ó máa ṣe é. Íńṣì kan, 200 péré! Mo dá a padà pẹ̀lú ọkọ̀ tó gbé e wá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni 11⅝ × 11 dé. Alhaji rí i pé nọ́ḿbà àkọ́kọ́ tóbi sí i, ó ní ṣé wọn ò ṣìnà báyìí. Rárá. Tí pítíṣì bá ń kéré nínú irú pròpẹ́là kan náà, ìbú rẹ̀ máa ń fẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹrù tó wúwo ló fẹ́ kí apá rẹ̀ kó omi púpọ̀ lọ́wọ́.

Títò ó kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo yọ okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì, mo sì yọ okùn plọ́ọ̀gì, nítorí ọwọ́ tó wà lára pròpẹ́là kò gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnnì tó lè jí pàdé. Mo fi gíríìsì tí omi kì í fọ̀ ra ṣáfúù, mo da wọ́ṣà padà síbi tó wà, mo fún nọ́ọ̀tì, mo sì fi pín-ìnnì tuntun há a. Mo tún fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí ti tuntun náà lára.

Ẹni mẹ́fà kan náà, kúlà kan náà, táńkì kíkún. Imú ọkọ̀ wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. Aago gòkè dé 4,850. Eré di 34, pẹ̀lú pítíṣì tó kéré. Ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà pátá. Ìkérora yẹn lọ, ó ń kọrin. Ọmọ tó fi aṣọ bo imú lọ́jọ́sí ń pariwo pé kí bàbá àgbà tún un ṣe. Ohun tó ń yọ̀ dànù ti di nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà.

A sọ àwọn yòókù kalẹ̀, èmi àti Alhaji jáde. 5,300, eré 39. Alhaji wo fóònù mi, ó dákẹ́ díẹ̀. "Tẹ́lẹ̀ rí, àwa méjì, kì í ṣe 43 ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. A ti pàdánù mẹ́rin níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń jáde, ti àtijọ́ ló dára jù fún yín, mi ò ní purọ́ fún yín."

Ó wo etídò, níbi tí àwọn ọmọ ti ń juwọ́ sí wa. Ó ní, "Èmi nìkan kọ́ ni mo rà á fún."

Pròpẹ́là àtijọ́ wà nínú àpótí abẹ́ ìjókòó báyìí, pẹ̀lú sípánà, nọ́ọ̀tì kan àti pín-ìnnì méjì, nítorí kùkùté. Mo fi máákà kọ nọ́ḿbà wọ̀nyí sábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì: 14, ẹni méjì 4,700, ẹni mẹ́fà 4,200, 11, ẹni méjì 5,300, ẹni mẹ́fà 4,850. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i lẹ́yìn mi á rí i kó tó mú sípánà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, mo yà síbẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀ láti Ifẹ̀. Mo yọ plọ́ọ̀gì wò: ó gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi bísíkíìtì tí iná kò jó jù. Ìrìn tó ń jẹ lítà 20 tẹ́lẹ̀, apẹja ní kò ju 16 lọ mọ́. Ó tún ní kí n wá wo etídò níbi tí wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ sómi. Ọ̀rá aláràbarà tó máa ń léfòó níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ, kò sí lójú omi láàárọ̀ ọjọ́ náà.